Hámà dírílù wo ló yẹ ògiri ilé yín?

Àǹtí kan kọ̀wé sí mi láti Akóbọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tiwọn ni, ilé oníyàrá mẹ́ta, kọ́tìnnì ò tíì sí lójú fèrèsé kankan, tẹlifíṣọ̀n 43 íǹṣì ṣì wà nínú páálí, dígí báfù ṣì fara ti ògiri, ọkọ wọn sì ti búra pé káfíńtà kankan ò ní í gbowó lọ́wọ́ òun mọ́ torí ihò mẹ́rin. Wọ́n fẹ́ ra dírílù oníwáyà tó ní hámà, ìyẹn èyí tó ń lu ògiri bó ṣe ń yí. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù kan l'Ógùnpa ní ohun ìṣeré ọmọdé ni 600 wáàtì, kí wọ́n gbé 1,500 kíá. Onínáà wọn náà ní èyí tó bá tóbi jù ni kí wọ́n rà. Àbúrò ọkọ wọn tó wà ní Houston ní kí wọ́n má ná kọ́bọ̀, òun á fi ọ̀kan ránṣẹ́. Iná tó wà nílẹ̀ ni ti NEPA tó ń wá nígbà tó bá wù ú, ínfátà 1.5 kVA kan, àti jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré yẹn, I-better-pass-my-neighbour. Wọ́n ní kí n sọ èwo ni kí wọ́n gbé.

Àǹtí mi, ẹ kú oríire ilé o, Ọlọ́run á jẹ́ ká bá yín ṣe èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn ká tó máa fa ọ̀rọ̀ gùn: ẹ wá èyí tó wà láàárín 600 sí 750 wáàtì, tí ẹnu ẹ̀ ń gba bíìtì, ìyẹn irin tó ń dá ihò, tó tó 13 mm, tó ṣe é pa hámà ẹ̀, tó ṣe é dín eré ẹ̀ kù. Owó tẹ́ ẹ bá fi gbọ́n níbẹ̀, ẹ kó o sórí bíìtì gidi. Ti Houston yẹn, ẹ ní kí bọ̀dá fi owó ẹ̀ ránṣẹ́ dípò. Kò sóhun tí dírílù 1,500 wáàtì fẹ́ bá yín ṣe nínú ilé yẹn tí kékeré ò ní í ṣe, àyàfi ibì kan ṣoṣo, màá sì dé ibẹ̀.

Wáàtì lọmọ ṣọ́ọ̀bù ń tà, àmọ́ ògiri lẹ̀yin fẹ́ lù, torí náà ògiri ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Ilé tí wọ́n ń kọ́ n'Íbàdàn láyé ìsinsìnyí, Akóbọ̀ o, Alákíà o, Mọ́níyà o, Olúyọ̀lé o, búlọ́ọ̀kù yanrìn òun sìmẹ́ǹtì ni, 9 íǹṣì tàbí 6 íǹṣì, tó ní ihò ńlá méjì nínú. Ẹ sì mọ bí àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù tà ṣe ń ṣe é, bí sìmẹ́ǹtì ṣe ń wọ́n sí i ni yanrìn ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀, òmíì wà tẹ́ ẹ máa fi èékánná họ tí yanrìn á máa dà sílẹ̀ ṣààà. Hámà dírílù 600 wáàtì máa wọ inú irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ ẹ̀kọ tútù. Wàhálà ẹ̀ kì í ṣe pé ó le jù, ó rọ̀ jù ni. Ara búlọ́ọ̀kù tó yí ihò ẹ̀ ká ò nípọn ju íǹṣì kan àbọ̀ sí méjì lọ, tẹ́ ẹ bá wá fi ẹ̀rọ alágbára lù ú, ojú ìta á ṣe bíi pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ inú lọ́hùn-ún á ti fọ́ yángá, ihò tó yẹ kó jẹ́ 8 mm á ti ṣẹnu gbàgà, fíṣà, ìyẹn rọ́bà tí sukúrúù ń wọ̀, tẹ́ ẹ bá kì bọ̀ ọ́ á máa bá sukúrúù yí gìrìgìrì láì di nǹkan kan mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ó gbọ́dọ̀ ṣe é pa hámà ẹ̀. Lórí búlọ́ọ̀kù tó rọ̀, ẹ pa hámà, ẹ jẹ́ kí bíìtì máa yí lásán, ó máa wọlé, ihò ẹ̀ á sì mọ́ tónítóní.

Ẹ tún rántí pilásítà. Ó lè nípọn bí ìdajì íǹṣì, ó lè tó íǹṣì kan tí ògiri ò bá gún tí bíríkìlà fi pilásítà bò ó láṣìírí. Fíṣà tó bá dúró sínú pilásítà nìkan, tẹlifíṣọ̀n yín máa tú u jáde lọ́jọ́ kan ni. Ihò gbọ́dọ̀ kọjá pilásítà kó wọ ara búlọ́ọ̀kù fúnra ẹ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni àwọ̀ eruku tó ń jáde àti bí ọwọ́ yín ṣe ń gbọ́ ọ, pilásítà kì í le bákan náà pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù, ọwọ́ máa ń mọ ìyàtọ̀ yẹn kíákíá.

Ó wá ku ibì kan ṣoṣo tí mo ní màá dé, ibẹ̀ gan-an sì ni kọ́tìnnì yín fẹ́ wà. Lókè gbogbo fèrèsé ni líńtẹ̀ wà, kọnkéré ni, irin rọ́ọ̀dù sì wà nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà wa ní í dà á yí gbogbo ilé po, tí á ga tó búlọ́ọ̀kù kan, bíi 9 íǹṣì. Òkúta tá a fi ń po kọnkéré níbí, gíráníìtì láti kúárì ni, orí àpáta kúkú nìlú Ìbàdàn jókòó lé, ẹni tó bá ti gun Òkè Màpó mọ̀. Kuọ́ọ̀tsì tó wà nínú gíráníìtì yẹn le ju irin lásán lọ. Torí náà ohun tẹ́ ẹ máa rí nìyí: bíìtì á wọlé wẹ́rẹ́, á gba inú pilásítà kọjá, á jẹ kọnkéré díẹ̀, gbà, ó dúró. Dírílù ń pariwo, eruku ò jáde mọ́, ẹnu bíìtì ń gbóná, òórùn iná ń jáde. Ẹ ti bá òkúta pàdé nìyẹn.

Ẹ má fi àyà tì í o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń jó bíìtì wọn tí wọ́n á ní dírílù ò lágbára. Ẹ fa bíìtì jáde, ẹ jẹ́ kó tutù fúnra ẹ̀, ẹ mú pọ́ǹṣì irin tàbí bíìtì àtijọ́ kan tó ti kú, ẹ fi sínú ihò yẹn, kẹ́ ẹ fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí òkúta náà sán, ẹ wá dá dírílù padà síbẹ̀. Ó máa lọ. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kó rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ fi bíìtì 5 mm ṣáájú, kẹ́ ẹ tó fi 6 tàbí 8 tẹ̀lé e. Tó bá jẹ́ irin rọ́ọ̀dù lẹ bá pàdé, ohùn ẹ̀ á yí padà, á máa ké fííín, eruku tó ń jáde á máa dán lójú bíi fádákà. Bíìtì ògiri kì í jẹ irin, ẹ sún ihò náà sápá kan bí íǹṣì kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíì.

Ká wá ṣe ìṣirò ẹ̀. Fèrèsé mẹ́jọ, ká ní ihò márùn-ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 40 ihò nínú líńtẹ̀ nìyẹn. Hámà dírílù 650 wáàtì lè ṣe é, àmọ́ apá yín á bá yín sọ̀rọ̀ lálẹ́. Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, ẹ gbé irin kọ́tìnnì kọjá líńtẹ̀ sókè, ẹ kàn án mọ́ búlọ́ọ̀kù tó tẹ̀ lé e. Líńtẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méje sílẹ̀, síílìǹ yín á wà lókè ẹ̀ dáadáa, àyè wà, kọ́tìnnì tó gùn sókè sì máa ń jẹ́ kí yàrá dà bíi pé ó ga. Èkejì, ẹ wá ẹni tó ń fi AC sílé fún èèyàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ẹ̀rọ SDS, ìyẹn ẹ̀rọ ìlukọnkéré tó lágbára ju hámà dírílù lọ, kẹ́ ẹ san owó ọ̀sán kan fún un kó bá yín lu gbogbo líńtẹ̀ ọ̀hún tán, kẹ́ ẹ wá máa fi tiyín ṣe ìyókù. Èmi ò rò pé ó yẹ kéèyàn torí iṣẹ́ ọ̀sán kan ra ẹ̀rọ ńlá tó máa wá sùn sínú kọ́bọ́ọ̀dù títí ọdún á fi yípo.

Ẹ máa ní kí ló wá dé tí SDS fi ń ṣe é bí ẹni ṣeré. Nínú hámà dírílù, irin pẹlẹbẹ méjì eléyín ló dojú kọra wọn. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, eyín wọn á máa gun ara wọn, á máa fò padà, tatatatata. Tí ẹnu dírílù bá yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí irin yẹn bá ní eyín 16, ó ti lu ògiri ní ìgbà 48,000 nìyẹn. Ó pọ̀ létí, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀ fẹ́lẹ́ ni, agbára tó wà lẹ́yìn ẹ̀ sì ni agbára apá yín. Tẹ́ ò bá tì í, kò ní í lù. SDS ò rí bẹ́ẹ̀. Písítìn ló wà nínú tiẹ̀, ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń ju irin kan lu ìdí bíìtì. Tiẹ̀ ò ju bíi 4,000 sí 5,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, àmọ́ ìkọ̀ọ̀kan ń wúwo gan-an, ẹ̀yin ò sì ní láti tì í ju kẹ́ ẹ kàn dì í mú lọ. Bosch ló gbé ètò SDS yìí jáde lọ́dún 1975, kò sì tíì sóhun tó ṣí i nípò lórí kọnkéré. Ìdí bíìtì ẹ̀ ní ojú gbọọrọgbọọrọ tí wọ́n gbẹ́ sí i lára, kì í wọ ẹnu dírílù lásán dáadáa, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tà á fún yín pé ó máa wọ̀ ọ́.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣì fẹ́ gé ògiri gba páìpù omi kọjá, tàbí ẹ fẹ́ hú táìsì àtijọ́ kúrò, tàbí ilé ṣì ku òkè kan tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ sórí dẹ́kìn, mi ò ní í sọ pé kẹ́ ẹ ra hámà dírílù rárá, màá ní kẹ́ ẹ lọ ra SDS kékeré oníṣẹ́ mẹ́ta (yíyí lásán, yíyí pẹ̀lú lílù, lílù lásán), 800 wáàtì ó tó, kẹ́ ẹ máa fara da bó ṣe wúwo. Àmọ́ kọ́tìnnì, tẹlifíṣọ̀n àti dígí lẹ kọ sí mi. Ẹ tún máa lu pákó, ẹ máa lu irin géètì lọ́jọ́ kan, hámà dírílù ló mọ gbogbo ìyẹn ṣe pọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná, òun gan-an ló sì yẹ kó pa ẹnu ọmọ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ínfátà 1.5 kVA yín ò lè gbé ju bíi 1,200 wáàtì lọ, ìyẹn tí bátìrì ẹ̀ bá ṣì ń ṣe dáadáa. Ẹ ki dírílù 1,500 bọ̀ ọ́, ẹ fi tì í mọ́ líńtẹ̀, á ké píìì, á kú. Jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré yẹn, òmíì nínú wọn ò ju 650 wáàtì lọ látòkè délẹ̀. Ó lè gbé dírílù 600 tẹ́ ẹ bá pa gbogbo nǹkan yòókù, fíríìjì, fáànù, gbogbo ẹ̀, àmọ́ á máa kérora, ẹ má fi ṣe iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́. Ínfátà ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, ó dákẹ́, ó sì ṣe é gbára lé. Tí ínfátà ọ̀hún bá jẹ́ àwọn ti olówó pọ́ọ́kú tí iná wọn ò mọ́, dírílù á máa kùn díẹ̀, á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ lu ihò mẹ́ta mẹ́rin, ẹ fún un nísinmi.

Iná NEPA ní tiẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo fólítì ẹ̀ lójú ínfátà tàbí sítábíláísà. Ó yẹ kó wà ní bíi 230. Tó bá ti lọ sílẹ̀ ju 190 lọ, ìyẹn iná lóò-kárẹ́ǹtì tó máa ń wá nírọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tan nǹkan wọn, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mọ́tọ̀ dírílù ò dà bíi ti fíríìjì tí iná kékeré máa ń pa kíá, ó ṣì máa yí, àmọ́ kò ní í lágbára, ẹ̀yin náà á wá máa tì í, á dúró gbagidi sínú ògiri bí ẹ ṣì ṣe di bọ́tìnnì mú. Ibi tó ti ń jó nìyẹn. Tí dírílù bá ti dúró, ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí tàn yín. Ohun tí ẹ̀rọ ń jẹ nínú iná ló ń sọ, kì í ṣe ohun tó ń gbé dé ẹnu bíìtì, àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n kọ 1,500 sára dírílù tó fẹ́lẹ́ bí tọ́ọ̀ṣì, wáyà ẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ṣájà fóònù. Ẹ wo wáyà. Wáyà dírílù gidi máa ń nípọn, rọ́bà ẹ̀ máa ń rọ̀, ó sì máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ó lé. Ẹkisitẹ́ńṣọ̀n tẹ́ ẹ bá máa fi fà á, kí wáyà ẹ̀ má kéré sí 1.5 mm, tó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń ká, ẹ tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ooru tó bá há sáàárín wáyà tó ká jọ lè yọ́ rọ́bà ẹ̀.

Bọ̀dá Houston wá ńkọ́? Iná Amẹ́ríkà, 120 fólítì ni. Tiwa, 230. Dírílù tó bá ra ní ilé ìtajà lọ́hùn-ún, tẹ́ ẹ bá kì í bọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì l'Akóbọ̀, á yí bí ìjì fún ìgbà díẹ̀, èéfín á tẹ̀ lé e. Ẹ lè fi tíráńsífọ́mà sọ iná di kékeré fún un, àmọ́ èyí tó tó bẹ́ẹ̀ wúwo, owó ẹ̀ sì lè máa lé ti dírílù fúnra ẹ̀ bá. Àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ láti London náà, kí wọ́n fetí sílẹ̀: dírílù tí wọ́n ń lò nínú ilé lọ́hùn-ún, 230 ni, kódà púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà là ń lò, ó dáa. Èyí tó bá ní púlọ́ọ̀gì róbótó aláwọ̀ ìyeyè, ti sáìtì ìkọ́lé ni, 110 fólítì. Àwọn kan máa ń gé púlọ́ọ̀gì yẹn kúrò tí wọ́n á fi tiwa rọ́pò ẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Torí náà ẹ má wo púlọ́ọ̀gì, ẹ ka ohun tó wà lára ẹ̀rọ.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́jà, Ògùnpa lẹ lọ o, Dùgbẹ̀ lẹ lọ o, ẹ mú àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kan dání nínú láílọ́ọ̀nù. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá ń ta ojúlówó ò ní í bínú. Wọ́n á tan jẹ́nẹ́rétọ̀ wọn, wọ́n á yí dírílù lójú òfuurufú, wọ́n á ní ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún, àmọ́ hámà irú dírílù yìí kì í ṣiṣẹ́ lójú òfuurufú, ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan. Ẹ ní kí wọ́n ki bíìtì 8 mm sí i, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù yín kalẹ̀, ẹ yí ojú ẹ̀ síbi tí wọ́n ya òòlù sí, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ tatatata tó ṣe déédéé, kì í ṣe gbàgà-gbàgà. Ẹ wo ẹnu bíìtì bó ṣe ń yí, tó bá ń jó sọ́tùn-ún sósì, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ojú ihò afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, iná búlúù kéékèèké tó ń ṣẹ́ níbẹ̀, kábọ̀nù ẹ̀, ìyẹn dúdú kékeré tó ń gbé iná wọ mọ́tọ̀, ló ń fara kan bàbà tó ń yí, kò burú, àmọ́ tí iná pupa bá yí i ká roboto, mọ́tọ̀ yẹn ò ní í pẹ́.

Bọ́tìnnì ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ràn, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó yí díẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tán kó sáré. Èyí tó jẹ́ pé eré kan ṣoṣo ló mọ̀, ẹ má rà á, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa fi bẹ̀rẹ̀ ihò lórí táìsì. Kó ṣe é yí padà, torí bíìtì máa há lọ́jọ́ kan. Kó ní ọwọ́ ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ sì máa lò ó, ẹ má ju ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ yẹn sínú páálí bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe, tí bíìtì bá lọ kọ́ irin rọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan, dírílù ló máa yí, á sì yí ọrùn ọwọ́ èèyàn dání. Àwọn kan fẹ́ràn èyí tó jẹ́ ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń fún ẹnu ẹ̀ mọ́ bíìtì. Fún iṣẹ́ ògiri, èmi fara mọ́ èyí tó ní kọ́kọ́rọ́, torí hámà máa ń mi èyí tí wọ́n fi ọwọ́ fún títí á fi tú. Ẹ so kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ mọ́ wáyà pẹ̀lú tápù, bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa wá a títí.

Ní ti orúkọ, Bosch GSB 13 RE tó jẹ́ 600 wáàtì àti Makita HP1630 tó jẹ́ 710 ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún irú ilé yín, méjèèjì ti pẹ́ lọ́jà, kábọ̀nù wọn ò ṣòro rí. Ayédèrú wọn náà pọ̀, ẹ wo lẹ́tà orúkọ dáadáa, ẹ wo bóyá nọ́ńbà tó wà lára páálí bá ti ara ẹ̀rọ mu. Tówó ò bá dé ibẹ̀, Ingco àti Total wà káàkiri, fún ẹni tó ń lu ihò nígbà tó bá di dandan, kò sóhun tó ṣe wọ́n, ẹ sáà dán an wò lórí búlọ́ọ̀kù yín.

Owó tó ṣẹ́kù, bíìtì. Ẹ má gba àwọn tí wọ́n dì pọ̀ mẹ́wàá sínú ọ̀rá tó pọ́n yòò bíi góòlù. Ẹ ra bíìtì ògiri 6 mm méjì, 8 mm méjì, 10 mm kan, ti ilé iṣẹ́ tó lórúkọ. Wọn máa ń lẹ irin kékeré kan mọ́ orí ẹ̀, táńsítìn kábáìdì, òun ló ń jẹ ògiri, ẹ lè rí i pẹ̀lú ojú, àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ara bíìtì. Tó bá gbóná ju, ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ á yọ́, á já sínú ihò. Ẹ má kì í bọ omi tó bá gbóná o, á sán. Kẹ́ ẹ sì máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń lù, kí eruku lè jáde. Ẹ lẹ tápù pupa kékeré mọ́ ọn lára níbi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ihò jìn dé, tí tápù bá ti kan ògiri, ó tó.

Fíṣà tá à ń pè ní fíṣà yìí, ọmọ Jámánì kan, Artur Fischer, ló gbé onírọ́bà ẹ̀ jáde ní 1958, kò sì tíì sóhun tó rọrùn tó o. Fíṣà 6 mm, ihò 6 mm, kó wọlé pẹ̀lú kíkàn fẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá wọlé fúnra ẹ̀, ihò ti fẹ̀ jù, ẹ má fi igi ìṣáná dí i, ẹ lo 8 mm. Fún kọ́tìnnì, 6 tó tí kì í bá ṣe aṣọ tó wúwo. Fún tẹlifíṣọ̀n 43, ihò mẹ́rin, 8 mm, sukúrúù tó gùn tó íǹṣì méjì àbọ̀. Tí bíìtì bá já wọ ihò búlọ́ọ̀kù, tẹ́ ẹ kàn gbọ́ pé ó ṣófo, ẹ sún bíráákẹ́ẹ̀tì náà díẹ̀ sápá kan. Tí kò bá ṣe é sún, ẹ po sìmẹ́ǹtì díẹ̀, ẹ rọ ọ́ síbẹ̀ kó kún, kẹ́ ẹ fún un lọ́jọ́ díẹ̀ kó gbẹ dáadáa, ẹ wá tún un lù.

Dígí báfù, ìyẹn orí táìsì. Pa hámà. Mo tún un sọ, ẹ pa hámà, ìlù kan ṣoṣo tó láti la táìsì yẹn látòkè délẹ̀. Ẹ ra bíìtì táìsì, orí ẹ̀ máa ń ṣe ṣóńṣó bí ọfà. Ẹ lẹ tápù bébà mọ́ ojú táìsì kí bíìtì má bàa yọ̀, ẹ fi eré tó kéré jù bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan máa kán omi sí i, omi o, kó má dé ara dírílù. Tó bá ti la táìsì já, ẹ pààrọ̀ sí bíìtì ògiri.

Kẹ́ ẹ tó lu ihò níbikíbi, ẹ wo ibi tí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì àti súwíìṣì wà. Páìpù wáyà inú ògiri wa sábà máa ń wá tààrà láti òkè síílìǹ sọ̀ kalẹ̀ sí wọn. Gbogbo ibi tó bá gún régé lókè ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ẹ̀wọ̀. Ní báfù àti kíṣìnnì, lókè fọ́ọ̀sẹ́ẹ̀tì náà bẹ́ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ló máa dán yín wò jù, torí ibi tí onínáà fi ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sí náà lẹ fẹ́ kọ́ ọ sí, ẹ sún ihò kúrò lójú ìlà yẹn ní ìbú ọwọ́ kan ó kéré tán. Ẹ wọ gọ́gù, ẹ bo imú, eruku sìmẹ́ǹtì ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń lu líńtẹ̀ tí gbogbo ẹ̀ ń dà sójú.

Ẹ tún bi mí ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín bóyá ẹ lè gbé dírílù yìí lọ sílé màmá ọkọ yín ní Bẹẹrẹ, kẹ́ ẹ bá wọn fi fáànù ògiri kọ́. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú ni, bẹ́ ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ lè gbé e lọ, àmọ́ ẹ ò ní í lo hámà níbẹ̀ rárá, ìmìtìtì ẹ̀ lè ṣí sìmẹ́ǹtì kúrò lára amọ̀ ní abala ńlá kan. Fíṣà kékeré ò sì ní í dúró nínú amọ̀. Ẹ gé pákó tó le, tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ lu ihò mẹ́rin tó jìn gba inú ẹ̀ wọ ògiri, ẹ fi fíṣà 10 mm àti sukúrúù gígùn dè é mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá de fáànù mọ́ pákó. Fáànù tó bá wúwo, orí igi àjà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.